Ṣé ẹ́ńjìnnì kú ni, àbí wọ́n kàn ní ó kú?

Ẹ Bi Bàbá Onímọ́tò: ojú ìwé tí ẹ̀yin òǹkàwé ti ń béèrè, tí èmi àgbà mẹkáníìkì tó ti kó sípánà kalẹ̀ ń fèsì.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá wa. Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, Àjááwà sì ni ilé ìwé wa wà. Ọkọ̀ tí mò ń gbé lọ síbẹ̀ láràárọ̀ ni Toyota Camry 2003, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Ọkọ̀ bàbá àwọn ìbejì ni. Ní 2012 ni wọ́n rà á ní tòkúnbọ̀, òun náà ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n re ibi àgbà ń rè, ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan lóṣù tó kọjá, mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọlọ́kadà kan já wọ títì láìwo ọ̀tún wo òsì. Níbi tí mo ti ń yà fún un ni mo ti fi imú ọkọ̀ sọ ògiri kọnkéré tó wà lẹ́nu gọ́tà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò fara pa, éábáàgì ò sì bú. Ṣùgbọ́n bọ́ńpà já, bónẹ́ẹ̀tì ká sókè, iná ọwọ́ ọ̀tún fọ́, rédíétọ̀ sì ń jò. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ̀rù ń bà mí, n kò lè fi ọkọ̀ bàbá àwọn ìbejì sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, ni mo bá rọra ń wà á bọ̀. Abẹ́rẹ́ ìgbóná gòkè dé góńgó. Nígbà tó yá ó tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀, mo ní ó ti tutù nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n wọ ìgboro ló kú, kò sì gbéra mọ́ títí di òní.

Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́kù, kí n lọ ra òmíràn. 850,000 náírà ni ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀, 90,000 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bítà ń gba 260,000 tòun ti ọ̀dà. Rédíétọ̀ àti fáànù, 110,000. Iná iwájú, 45,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 1,355,000. Ọkùnrin kan sì ti wá wò ó, ó ní òun á ra á bó ṣe wà yẹn ní 1,500,000. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà n'Ílọrin ní kí n tètè gbà, òun ti rí Corolla 2006 tòkúnbọ̀ kan ní mílíọ̀nù 6.2. Kọ́ọ̀pù wa lè yá mi ní mílíọ̀nù mẹ́ta, wọn á máa yọ 91,667 lóṣù nínú owó oṣù mi fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àbúrò mi á yá mi ní mílíọ̀nù 1.7 tó kù.

Orí mi ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ọkọ̀ bàbá àwọn ìbejì ni o.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè, bó tilẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì dúró níbi abẹ́rẹ́ ìgbóná yẹn. Ẹ ní ó gòkè tán, ó tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ti tàn jẹ. Irin kékeré kan ló ń ròyìn fún abẹ́rẹ́ yẹn. Irin náà ki orí bọ inú omi ẹ́ńjìnnì, ìgbóná omi ló ń wọ̀n. Nígbà tí omi bá jò tán, inú afẹ́fẹ́ lásán ló kù sí, kò rí ohun tó máa wọ̀n mọ́, abẹ́rẹ́ á wá sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé àlàáfíà ti dé. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń jóná. Ẹ̀yin ń dúpẹ́, òun ń kú lọ. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, bí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá ibi tó máa ń dúró sí, ẹ kúrò lójú títì, ẹ pa ọkọ̀, ẹ pe ẹni tó máa wá fà yín. Owó ẹni tó máa fà yín ò lè tó ohun tí Ìyá Ìbejì fẹ́ ná yìí.

Ó wá kan mẹkáníìkì yín. Ó ní ó ti nọ́kù. Ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti lò ó débi pé kò nítumọ̀ mọ́. Ọkọ̀ kọ̀ láti gbéra, ó ti nọ́kù. Ọkọ̀ ń yọ èéfín, ó ti nọ́kù. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, láti 1977, ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu àyàfi tó bá ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó máa ń fún wa ní sukurúdíráfà gígùn kan, ẹnu rẹ̀ á wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ á wà lára egungun ẹ̀yìn etí wa. Bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́kù lóòótọ́, ẹ ó gbọ́ kò, kò, kò láti ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nílé kejì. Ìsàlẹ̀ ni àrùn yẹn ń gbé, níbi tí irin tó ń yí àti bẹ́ríǹ tó gbé e dání ti jẹ ara wọn tán. Ọ́ìlì tó gbẹ ló sábà máa ń fà á.

Tiyín kọ́ nìyẹn. Omi ló tán lọ́dọ̀ yín. Òkè ni ìgbóná kọ́kọ́ ń bá jà: á jó gáskẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín ara ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù sílíńdà tó dé e lórí, á sì tẹ tọ́ọ̀pù náà kó má tẹ́jú mọ́. Bó bá pẹ́ jù ló tó ń dé ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ tó kú sójú títì tí kò gbéra mọ́ látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú wò ó kó ní ó nọ́kù, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ ò sì sọ fún mi pé ó ṣí i.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tú bóòtù kan, ẹ ní kí wọ́n ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí lójú yín. Ẹ fa igi tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, kí ẹ sì ṣí ìdérí tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun kan tó funfun tó sì ń yọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì fi sípánà gígùn mú bóòtù tó wà láàárín púlì ìsàlẹ̀, kó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Bó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ìsàlẹ̀ ò tíì gan. Bó bá le bí òkúta pẹ̀lú bó ṣe ti tutù láti oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, mẹkáníìkì yín sì jàre mi. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n fi géèjì wọn agbára afẹ́fẹ́ tó ń fún pọ̀ nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Iye tí wọ́n máa rí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ kó súnmọ́ra. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ gan-an, gáskẹ́ẹ̀tì àárín wọn ló jó. Kò sí èyí tó gba ju ọ̀sán kan lọ nínú gbogbo rẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò ní géèjì, tí kò sì mọ ibi tó ti lè yá a, ẹ má jẹ́ kó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì fún yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ rèé. Big Daddy oní lítà 2.4, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 2AZ. Ẹ́ńjìnnì rere ni, ṣéènì ló ń lò fún táímìn, kì í ṣe bẹ́líìtì tí ẹ ó máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí àwa tí a ń ṣe é mọ̀ ọ́n mọ́: bóòtù ńláńlá tó de tọ́ọ̀pù sílíńdà mọ́lẹ̀, inú alumíníọ̀mù ni wọ́n wọ̀, alumíníọ̀mù ò sì le tó irin. Bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, tí ooru sì ń mú un lọ mú un bọ̀, tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín inú ihò tí bóòtù ń yí mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, pàápàá àwọn ihò ẹ̀yìn tó kọjú sí ọ̀dọ̀ awakọ̀. Bóòtù á máa yí lófo, tọ́ọ̀pù á gbéra díẹ̀, omi á máa rọra jò níbi tí ojú ò tó. Ẹ bi ara yín: kí ó tó di pé ẹ lu ògiri, ṣé ẹ kì í bu omi sí rédíétọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ẹ ń bu ú, kì í ṣe ọlọ́kadà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ti rí Big Daddy tí wọ́n pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan. Oníkálukú ń da gáskẹ́ẹ̀tì láre, wọ́n ní ayédèrú ni. Kò sẹ́ni tó fi ìka kan ihò bóòtù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo fi bóòtù kan bọ ihò tó wà níkangun, mo ń dè é, ó ń yí, ó ń yí, mo tún ń dè é, ó ń yí. Mo fà á jáde, eyín alumíníọ̀mù wé mọ́ ọn lára bí okùn wáyà. Gáskẹ́ẹ̀tì wo ló máa dúró sábẹ́ ìyẹn? Oògùn rẹ̀ wà: àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin á gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, wọ́n á ki búùṣì onírin sínú rẹ̀, wọ́n á tún tírẹ́ẹ̀dì fà sínú búùṣì yẹn. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ó máa ń lágbára ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi 850,000 rà. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀. Yálà Aráròmí ní Gáétì n'Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, 2AZ kan náà ni, ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fẹ́ yọ sọnù, àléébù bóòtù kan náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ mọ ìwà èyí tó wà lọ́wọ́ yín láti 2012, ẹ ò mọ irú ẹni tó lo tọ̀hún àti bó ṣe lò ó. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà sì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ sì lọ tún ìwé ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá títí.

Ìdáhùn mi rèé: ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má ra ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kà sílẹ̀ bá fi hàn pé òkè nìkan ló bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí òkè. Gáskẹ́ẹ̀tì odindi, kí wọ́n fá ojú tọ́ọ̀pù kó tẹ́jú, kí wọ́n ki búùṣì sí àwọn ihò tó ti jẹrà, owó iṣẹ́: mo fojú bù ú sí 220,000. Ẹ fi rédíétọ̀, iná àti pánẹ́ẹ̀lì bítà kún un, 635,000 ni, kò tó ìdajì ohun tí wọ́n sọ fún yín. Omi ẹ̀rọ lásán kọ́ ni kí ẹ sì dà sí rédíétọ̀ tuntun o. Ẹ ra kúláǹtì, torí omi lásán ń mú inú rẹ̀ dípẹtà.

Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò yí, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má ṣí i, ẹ má ra ohunkóhun sí i, ẹ ta á bó ṣe wà. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú palẹ̀ sínú báfù, kò sẹ́ni tó máa san iye tó ń san lórí èyí tí bóòtù rẹ̀ ṣì wà ní dídè. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ìdánwò tí kò gba títú ṣáájú.

Ọkùnrin tó fẹ́ san 1,500,000 ńkọ́? Inú mi ò fẹ́ kí n fura sí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré fi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti "kú", ó mọ ohun kan tí ẹ ò mọ̀. Ta ló mú un wá? Bó bá jẹ́ mẹkáníìkì yẹn náà ni, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò nọ́kù. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì wà tó lè mú mi yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ògiri kọnkéré lẹ lù, kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bọ́ńpà àti bónẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ojú lásán ni. Ṣáàsí ni kí ẹ wò: irin gbọọrọ méjì tó nà síwájú lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó gbé gbogbo imú ọkọ̀ dání. Ẹ ní kí pánẹ́ẹ̀lì bítà fi téèpù wọn ún lójú yín, láti ìdí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún sí igun iwájú òsì, kó sì wọn ti òsì sí ọ̀tún. Bí méjèèjì bá dọ́gba, tàbí tí ìyàtọ̀ wọn ò ju díẹ̀ lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú kí ẹ tì í padà. Bó bá ń ha nísàlẹ̀ tàbí tó ń fẹ́ kí ẹ gbé e sókè kó tó wọlé, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlù yẹn ti wọ inú egungun. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní àwọn á so ó mọ́ ìdí máńgòrò, àwọn á fi ṣéènì fà á, á sì tọ́. Á tọ́ lójú. Tó bá di pé ẹ ń sáré lọ sí Ọ̀yọ́, á máa fà sápá kan, á máa jẹ táyà. Ẹ ta irú ìyẹn.

Ní ti Corolla àbúrò yín, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo gbà. Kó lọ bá mi wo gíláàsì iwájú ọkọ̀ náà láti ìta, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Nọ́ńbà ṣáàsí wà níbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Kó ka á dé ìkẹwàá. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ 2006 lóòótọ́, 6 ló máa bá níbẹ̀. Bó bá bá 5, wọ́n ti fi ọdún kan kún un. Kó sì wo férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ bóyá nọ́ńbà kan náà ló wà níbẹ̀. Ó lè fi nọ́ńbà yìí wá ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Kò ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń dán yẹn ti kó sábẹ́ omi tàbí ti forí sọ igi l'Amẹ́ríkà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Tòkúnbọ̀ tí a fẹ́ràn yìí, ọkọ̀ tó ti gbó lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà ni. Gbèsè mílíọ̀nù 4.7 fún ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta péré sí tiyín, èmi ò rí i bí ọgbọ́n.

Ẹ ò dárúkọ ìnṣọ́ránsì. Mo gbà pé tẹ́ẹ̀dì pátì lẹ ní, èyí tí owó rẹ̀ di 15,000 láti oṣù kìíní 2023. Ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ló ń san, títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta fún ọkọ̀ ilé. Kò ní fi kọ́bọ̀ tún tiyín ṣe. Èyí tó ń tún tiyín ṣe kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, ìyẹn ni pé bí ọkọ̀ bá tó mílíọ̀nù mẹ́rin, 200,000 lọ́dún. Fún Camry 2003, n kò ní sọ pé kí ẹ san án. Fún Corolla olówó kọ́ọ̀pù, dandan ni, ẹ fi ìyẹn náà kún ìṣirò àbúrò yín.

Ó ku ohun tí ẹ ò bi mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ pè é ní ọkọ̀ bàbá àwọn ìbejì nínú lẹ́tà kan. Mo kà á.

Èmi náà ní Pijó 504 kan rí, ti Kàdúná níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti 1975. Mo rà á ní 1989. Òun ni mo fi gbé ọ̀gá mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí kò padà bọ̀ mọ́. Àga iwájú ló jókòó sí, ó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa yí jíà títí a fi dé ẹnu géètì, bí ẹni pé ọmọ iṣẹ́ ni mí síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ kí n ta ọkọ̀ yẹn. Ìyàwó mi, tí kì í jà, lọ ra ìwé ẹkásáìsì kan, ó ń kọ gbogbo owó tí mo bá ná sí i. Ní ìparí 2006 ó gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọkà mi: 187,000. Ó sì kọ iye tí aládùúgbò wa ta odindi 504 rẹ̀ lọ́dún yẹn sí ìsàlẹ̀: 150,000. Kò sọ nǹkan kan. Mo jẹ ọkà mi. Ó tún tó ọdún méjì kí n tó tà á, agídí ni.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé tiyín lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá jáde lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ má kọ bẹntiróòlù, ọ́ìlì, táyà àti páàdì búrẹ́ẹ̀kì síbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ló ń jẹ ìyẹn. Ohun tó bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ kọ. Kọ́ọ̀pù ìbá máa yọ 1,100,004 náírà lọ́wọ́ yín lọ́dún kan lórí Corolla. Ọdún tí ìwé yẹn bá ti kọjá iye yìí, Big Daddy ti di gbèsè, ẹ jẹ́ kó lọ. Kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìbejì. Ẹ̀yin fúnra yín á fẹ́ gbójú fo ojú ewé míì, mo mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ KÚKÚRÚ

Bàbá, ọmọ yín ni mí, mò ń fi Micra ṣe takisí láti Owódé sí Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn bí oyin, kò fún mi ní wàhálà rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọkọ̀ ti dípẹtà jẹrà, mo ń rí ọ̀dà títì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wẹ́dà ní òun á fi páànù lẹ̀ ẹ́ ní 40,000. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táyà iwájú méjèèjì. Ṣé kó lẹ̀ ẹ́?

Awakọ̀ Micra, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN

Rárá, ọmọ mi. Ara ilẹ̀ yẹn ni wọ́n de àga rẹ mọ́, ibẹ̀ náà ni bẹ́líìtì di mú. Bí o bá forí sọ nǹkan, ìwọ àti àga lẹ jọ ń lọ. Èrò mẹ́rin ni o ń gbé, mo sì mọ̀ pé o máa ń gbé márùn-ún. Páànù tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ irin tó ti jẹrà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló tún máa já, páìpù bẹntiróòlù sì gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, iná wẹ́dà ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ rẹ àti ti Ìyá Ìbejì òkè yìí, òdìkejì ara wọn ni. Ara ọkọ̀ tirẹ̀ le, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣàìsàn. Tìrẹ, ọkàn ń lù dáadáa nínú ara tó ti rà. Má tà á lódindi fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ra irin, ìwúwo ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n. Yọ ẹ́ńjìnnì àti jíà papọ̀, awakọ̀ Micra mìíràn ní Owódé á rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ kan náà tí o bá jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀. Yọ bátìrì, ọ́tánétọ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti iná. Táyà tuntun méjèèjì yẹn, tú wọn kí onírin tó dé, kí o sì gbé ògbólógbòó wọ̀ ọ́.